Kókó Tó Yọ Lẹ́yìn Ọwọ́ Mi ní Karama

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fún mi láyè lónìí, kí n sọ ohun kan tí ojú mi rí ní Dubai nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge. Ó ti pẹ́ gan-an. Àwọn ọmọ tí mo bí gan-an ò tíì gbọ́ ọ rí. Kì í ṣe pé mo jalè, kì í ṣe pé mo ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìtìjú kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó gbé e ò ṣe nǹkan kan, síbẹ̀ kò ní lè gbójú sókè láwùjọ? Irú ẹ̀ ni.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni. Metro ò tíì sí nígbà yẹn o! Àwọn ilé gogoro tí ẹ máa ń rí lórí fóònù yẹn, púpọ̀ nínú wọn ò tíì yọrí. Karama ni mò ń gbé, nínú bedspace, yàrá tí wọ́n ti ń háyà bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi Fúnkẹ́, a ta kọ́tìnnì sáàárín bẹ́ẹ̀dì méjèèjì. Fúnkẹ́ ń bá wọn ta bàtà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Deira. Èmi, irun ni mò ń dì.

Àwọn ìyá oníṣòwò tó ń ti Èkó wá ra ọjà ní Al Ras ni oníbàárà mi. Tí wọ́n bá ti di ẹrù wọn tán fún kágò, wọ́n á wá sọ́dọ̀ mi kí wọ́n tó wọ bàálù, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ padà délé pẹ̀lú irun jákujàku. Ìka mi yá nígbà yẹn! Irun wẹ́wẹ́ onítàchìmẹ́ǹtì tí ẹlòmíì máa fi odindi ọjọ́ dì, mo ti máa parí ẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun Alásàrí nírọ̀lẹ́. Ọwọ́ mi yìí ni gbogbo ohun tí mo ní ní ìlú onílùú.

Ọwọ́ náà ló wá bẹ̀rẹ̀ wàhálà.

Mo kọ́kọ́ rí i pé nǹkan kan ń wú lẹ́yìn ọwọ́ ọ̀tún mi, nísàlẹ̀ ìka tí a fi ń júwe àti ìka àárín, lápá ibi ọrùn ọwọ́. Tí mo bá dẹ ọwọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Àmọ́ tí mo bá na ìka, áà, á yọ gọngọ! Ẹ ẹ́ rò pé ẹnì kan ti odindi èso dàbínù bọ abẹ́ awọ mi ni. Ó tún le, kì í ṣe pé ó rọ̀. Tí mo bá dirun pẹ́, á máa ro mí títí dé ìgbọ̀nwọ́. Mo fi róòbù pa á. Mo fi omi gbígbóná jó o. Mo fi aṣọ dì í. Kò gbọ́.

Ọjọ́ tí àṣírí tú, Alájà Sàrátù ló wà níwájú mi. Kí n jẹ́ kí ẹ mọ ẹni tí obìnrin yìí jẹ́. Léèsì ló ń rà. Àgbà ni láàárín àwọn oníṣòwò wa tó ń wá sí Deira, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló ń pè é ní màmá. Tó bá ní ọjà ẹnì kan dáa, gbogbo wọn á ya lọ síbẹ̀. Tó bá ní kò dáa, khalas, ọjà yẹn ti kú nìyẹn. Òun ló kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi wá bá mi.

Ó jókòó sílẹ̀ lórí tìmùtìmù, jígí wà níwájú ẹ̀, èmi wà lẹ́yìn. Mo ti di ìdajì orí. A ń ṣeré, a ń rẹ́rìn-ín. Àfi bó ṣe rí ọwọ́ mi nínú jígí.

“Kúbúrá, kí ló wà lọ́wọ́ ẹ yẹn?”

“Kò sí nǹkan, mà. Ó kàn wú díẹ̀ ni.”

“Nà á kí n rí i.”

Kí ni mo wá ń na ọwọ́ fún? Bí mo ṣe na ìka, kókó náà dìde bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Alájà fò sókè!

“Aúsùbílláhì! Ẹ̀tẹ̀! Bí ẹ̀tẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn! Ọwọ́ yẹn lo wá fi ń ra mí lórí látàárọ̀?”

Mo ní kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, mà, ẹ jọ̀ọ́, mà. Ta ló ń gbọ́? Ó ti fa ìborí ẹ̀ sórí. Apá kan orí ẹ̀ ti di dídì, ó tẹ́ pẹlẹbẹ. Apá kejì tí mo ti yà sílẹ̀ ṣì rú gàgàrà, ìborí náà wá dagun sápá kan bí òrùlé tí afẹ́fẹ́ jà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba ìta Karama lọ ní ọ̀sán gangan. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló ṣẹlẹ̀ sí, mi ò bá ti rẹ́rìn-ín kú. Mo jókòó sórí tìmùtìmù tó fi sílẹ̀, ìyarun wà lọ́wọ́ mi, mò ń wo ara mi nínú jígí.

Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu Alájà kì í pẹ́ rìn. Àwọn tó ti ní àwọn ń bọ̀ wá dirun ò wá mọ́. Nígbà tí mo lọ ra tàchìmẹ́ǹtì ní Al Ras, ìyá oníṣòwò kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó jẹ́ pé ó máa ń gbá mi mọ́ra dúró lókèèrè, ó ń juwọ́ sí mi. Ó ń rẹ́rìn-ín o! Ṣùgbọ́n báàgì ẹ̀, ó gbé e sáàárín àwa méjèèjì. Mo mọ ohun tó ń ṣe. Mo ki ọwọ́ bọ inú hìjáàbù mi, mo ní ó dàbọ̀ mà.

Ohun tó wá ń dẹ́rù bà mí jù ni visa. Àsìkò tí mo máa tún un ṣe ti ń sún mọ́lé, èèyàn sì gbọ́dọ̀ ṣe medical, ìyẹn àyẹ̀wò ara. Gbogbo wa la mọ̀ pé tí wọ́n bá rí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ lára èèyàn, ó di ilé. Ṣé bí mo ṣe máa padà sí Mushin nìyẹn? Kí ni mo máa sọ pé ó dá mi padà? Ẹ̀tẹ̀? Ta ló máa fẹ́ mi?

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù. Fúnkẹ́ ra àwo tuntun àti kọ́ọ̀pù tuntun fún mi. Àwo ọ̀hún rẹwà, òdòdó wà létí ẹ̀. Mo dúpẹ́ títí! Mo ní ọ̀rẹ́ mi fẹ́ fi dá mi lára yá ni. Àṣé mi ò mọ̀. Lọ́jọ́ kan mo dé kíṣìnì, mo bá a níbi tó ti ń fọ àwo. Ó fi kànìnkànìn kan fọ gbogbo àwo yòókù, ó gbé e sílẹ̀, ó wá mú kànìnkànìn mìíràn láti abẹ́ síǹkì, ó fi fọ tèmi.

Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí mi.

Omi ẹ̀rọ ń dà, kò rántí tì í. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó sàn kí wọ́n gbá mi létí. Tí ẹni tó ń sá fún ọ bá jẹ́ ọ̀tá, ìbínú ni. Tó bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ, ara rẹ gan-an ni wàá kórìíra. Mo padà sẹ́yìn kọ́tìnnì mi, mo fi ìrọ̀rí bo ọwọ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe tèmi.

Ìgbà tó yá, Fúnkẹ́ wá jókòó sẹ́bàá mi. Ó ń sunkún. Ó ní kí n má bínú, ẹ̀rù ló ń ba òun. Ó ní nọ́ọ̀sì kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn, ọmọ Kwara ni, Al Khan ní Sharjah, ìlú tó múlé gbe Dubai, ló ń gbé. Nọ́ọ̀sì náà sọ pé dókítà kan wà ní ọsibítù òun tó jẹ́ pé ọwọ́ nìkan ló ń tọ́jú. Ó ní, “Kúbúrá, jẹ́ ká lọ. Ohun yòówù tó bá jẹ́, èmi àti ẹ la jọ máa gbọ́ ọ.”

Bí a ṣe wọ takisí lọ sí Sharjah nìyẹn. Èmi ni mo jókòó sétí fèrèsé, ọwọ́ mi wà nínú hìjáàbù. Ará Pakistan kan tá a jọ wọ ọkọ̀, tó wà níwájú, nawọ́ ẹ̀pà sí wa, àfi mo ní shukran, ẹ ṣeun, mi ò jẹ. Mo bẹ̀rù láti na ọwọ́ síta.

Ará Íńdíà ni dókítà náà, irun funfun, irunmú bo ètè ẹ̀. Kí n tó jókòó tán ni mo ti bi í léèrè pé ṣé ẹ̀tẹ̀ ni. Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín. Ó mú òwú, ó mú abẹ́rẹ́, ó ní kí n dijú, ó ń fọwọ́ kan ọwọ́ mi níbí, ó ń gún mi lọ́hùn-ún, mo ń sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó wá sọ pé ẹni tó ní ẹ̀tẹ̀, ibi tí àrùn náà bá ti jẹ kì í mọ nǹkan lára mọ́, àmọ́ èmi mọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní kì í ṣe ẹ̀tẹ̀ rárá. Ẹ ò bá rí mi! Mo bú sẹ́kún bí ọmọdé. Fúnkẹ́ náà bú sẹ́kún. Dókítà ń wò wá.

Ó ní òun rò pé omi ló kójọ síbẹ̀ láti oríkèé, irú ẹ̀ máa ń yọ lẹ́yìn ọwọ́ àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ó ní òun á là á, òun á yọ ọ́. Mo ní kó là á, àní kó gé e dànù.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, wọn ò kùn mí lóorun. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n gún sí ẹ̀yìn ọwọ́ kó lè kú, wọ́n wá ta aṣọ kan sáàárín ojú mi àti ọwọ́ mi. Mò ń gbọ́ irin, kiń-ín, kiń-ín. Mò ń ka Kúlúwà láti inú Àlùkùránì. Dókítà ń bá nọ́ọ̀sì ṣeré.

Àfi bí dókítà ṣe dákẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹni tó ń la ara yín bá dákẹ́ lójijì, kí lẹ máa rò? Ó ní kí wọ́n tan iná wá sí i. Ó fọwọ́ tì í. Ó ní, “Eléyìí kì í ṣe omi.” Ó wá rán nọ́ọ̀sì kí ó lọ pe àwọn dókítà yòókù wá, yalla, kíá, kí wọ́n wá wo nǹkan. Wọ́n wọlé, wọ́n pé lé ọwọ́ mi lórí, wọ́n ń tẹ̀ síwájú, wọ́n ń na ọrùn, wọ́n ń sọ èdè Íńdíà, wọ́n ń sọ Lárúbáwá. Ojú tì mí dé ọ̀run. Mo rí bí orí ewúrẹ́ tí wọ́n gbé sórí tábìlì ọjà, tí oníkálukú ń dá iye lé.

Ó wá ní, “Madam, ẹ gbé ìka yín sókè díẹ̀.” Mo gbé e. Gbogbo wọn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: “Ooh!”

Ó bi mí pé ṣé mo fẹ́ wò ó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ká aṣọ kúrò. Ẹ̀jẹ̀ ò pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni ẹran pupa kan tó gùn díẹ̀, ó tín-ín-rín lórí, ó tín-ín-rín nídìí. Bí mo ṣe ń gbé ìka, ẹran náà ń fà, ó ń sún kì. Èmi ni mò ń mú un ṣiṣẹ́. Kì í ṣe àrùn. Ara mi ni.

Kò gé e dànù. Ó ní iṣan tó pé ni, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó ní ọ̀já ara tó wà lórí ẹ̀ ló fún mọ́ ọn, iṣan náà wá ń tóbi sí i torí iṣẹ́ irun, ìdí tó fi ń ro mí nìyẹn. Ó kàn la ọ̀já náà kó lè mí, ó sì rán awọ padà.

Nígbà tí mo ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wá bá wa. Ó ní kí èmi àti Fúnkẹ́ bọ́ bàtà. Bàtà kẹ̀? A bọ́ ọ. Ó ní ká tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, ká wá gbé àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè dáadáa. (Ẹ̀yin náà, ẹ dán an wò níbi tí ẹ wà yẹn. Ẹ wo òkè ẹsẹ̀ yín, níwájú kókósẹ̀ tó wà lápá òde. Ṣé ẹ rí i pé nǹkan kan wú díẹ̀ níbẹ̀?) Ó ní iṣan kúkúrú tó ń gbé ìka ẹsẹ̀ sókè nìyẹn, ó wà lẹ́sẹ̀ gbogbo èèyàn. Ó ní alákejì rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi.

Ó ní láyé àtijọ́ tó ti jìnnà réré, àwọn ẹ̀dá tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn ní irú iṣan yìí níwájú àti lẹ́yìn, àti pé títí di òní, alángbá ṣì ní in lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Àwa ò fi ọwọ́ rìn mọ́. Àwọn iṣan gígùn tó ti apá wá ló gba iṣẹ́ ìka ọwọ́ ṣe, kúkúrú yẹn wá pòórá. Àmọ́ lára àwọn èèyàn díẹ̀, ó ṣì máa ń yọjú. Ó ní ẹ wò ó bí ilé bàbá àgbà tí wọ́n tún kọ́, tí wọ́n yí gbogbo yàrá padà, àfi fèrèsé àtijọ́ kan tí wọ́n gbàgbé sára ògiri.

Ó tún na ọwọ́ tiẹ̀ síta. Ó fi àtàǹpàkò kan ìka ọmọńdinrin, ó tẹ ọrùn ọwọ́ wá síwájú. Lọ́wọ́ òsì, okùn iṣan kan yọ láàárín ọrùn ọwọ́. Lọ́wọ́ ọ̀tún, kò sí nǹkan kan, ibẹ̀ tẹ́jú. Ó ní, “Ẹ rí i? Ẹ ní èyí tí èmi ò ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ẹlòmíì ní, èmi ò ní in lọ́wọ́ kan. Kò sọ́wọ́ méjì tó rí bákan náà.”

Fúnkẹ́ tó jẹ́ aláròyé, ó ní, “Dókítà, ṣé ẹ ń sọ pé ọ̀rẹ́ mi fi alángbá jọ ni?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú. Ó ní gbogbo wa ni.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín o. Ilé kéwú ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ohun tí mo mọ̀ ni pé amọ̀ ni Ọlọ́run fi mọ Ánábì Ádámà. Mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ọ̀rọ̀ alángbá sí. Mo bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú ẹ̀tẹ̀, mo tún kó sọ́wọ́ ìtìjú alángbá! Títí di òní, mi ò lè dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo rí ẹran yẹn, ó sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Fún gbogbo ìgbà tí ọwọ́ mi fi wà nínú báńdéèjì, Fúnkẹ́ ló ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ fún mi lóúnjẹ. Òkèlè kan fún mi, òkèlè kan fún ara ẹ̀, nínú àwo kan náà. Kò bẹ̀ mí mọ́, èmi náà ò béèrè.

Nígbà tí ọwọ́ san, mo kó ara mi lọ sí Al Ras. Ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan ni mo ti bá Alájà Sàrátù, àwọn oníṣòwò bíi mélòó kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Mo ti múra ohun tí mo máa sọ láti ilé, mo fẹ́ ṣàlàyé bí ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀rù ni kò jẹ́. Mo ní màmá, dókítà ti là á, kì í ṣe àrùn, iṣan lásán ni, irú ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ alángbá...

“Lọ́wọ́ kí ni?”

“Alángbá, mà.”

Alájà Sàrátù bú sẹ́rìn-ín! Ó fọwọ́ lu itan, ó ní ẹ gbà mí o, Alángbá ló ń dirun wa látọjọ́ yìí! Gbogbo wọn bá a rín in. Ará Íńdíà tó ni ṣọ́ọ̀bù ò gbọ́ ohun tí a sọ, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín wọn. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, mi ò bá kó sínú ẹ̀.

Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ mi. Láti Al Ras dé Karama, “Alángbá ń kọ́?” “Ṣé Alángbá wà nílé?” Àmọ́ ẹ wá wo ìyanu: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá dirun padà! Àrùn ni wọ́n ń sá fún, kò sẹ́ni tó ń sá fún alángbá. Ohun tí wọ́n ti lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ kò bà wọ́n lẹ́rù mọ́. Alájà fúnra ẹ̀ wá, nígbà tó tún ti Èkó dé. Kò ní kí n má bínú o. Ó jókòó sórí tìmùtìmù, ó ṣí ìborí, ó ní, “Yalla, Alángbá, mo ń lọ sí airport.” Mo dì í. Ojú ń tì mí, inú mi ń dùn, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Medical náà, mo yege.

Mo wá pe ìyá mi ní Mushin láti búùtù tẹlifóònù ìta. Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún un tẹ́lẹ̀. Mo ní kí òun náà bá mi rẹ́rìn-ín ni, mo sọ gbogbo ẹ̀, kókó, Alájà, alángbá. Kò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé láìnì ti já.

Ó wá bi mí, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀: “Ẹ̀yìn ọwọ́, àbí? Tó bá na ìka, á yọ?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní bí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun ṣe rí nìyẹn. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, tí gbogbo wa mọ ọwọ́ ẹ̀ sí ọwọ́ tó ká kò. Wọ́n ti máa ń sọ fún àwa ọmọ pé iná ló jó o ní kékeré. Iná ló jó o lóòótọ́. Àṣé àwọn ará ilé ló fi iná jó o! Ìyá mi ní wọ́n ní nǹkan burúkú ló wọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n sín in ní gbẹ́rẹ́, kò lọ, wọ́n wá fi irin gbígbóná tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò lè na ìka yẹn mọ́ títí ó fi kú. Kò lọ́kọ.

Ìyá mi ní, “Èmi ni wọ́n ní kí n di apá ẹ̀ mú. Ọmọdé ni mí, Kúbúrá. Ó ń wò mí lójú. Ó ń sọ pé kókó náà kò dun òun, pé láti ọjọ́ yìí kò dun òun rí.”

Dókítà ti sọ fún mi pé ó lè máa wà nínú ìdílé nígbà míì, pé nígbà míì ẹ̀wẹ̀ kò ní sí. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ tiwa. Mo kàn di tẹlifóònù mú, mò ń gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń sunkún, owó káàdì tí mo fi ń pè é ń lọ.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀? Ẹ má sáré sọ ohun tí ẹ ò mọ̀ lórúkọ. Ẹni tó pe tèmi ní ẹ̀tẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé mi jẹ́, ẹni tó pe ti Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ ní nǹkan burúkú ba tiẹ̀ jẹ́ pátápátá. Iṣan kékeré kan tí kò bá ẹnikẹ́ni jà! Tí ẹ bá rí ohun tó ṣàjèjì lára ọmọ yín, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀, kí ẹ tó gbé irin, kí ẹ tó ya àwo ẹ̀ sọ́tọ̀.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ló wà lára yín tàbí lára èèyàn yín tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ? Ìka mẹ́fà? Etí tó ń mì fúnra ẹ̀? Ẹ sọ ọ́ níbí, kò sẹ́ni tó máa fi yín rẹ́rìn-ín. Mo ti na ọwọ́ tèmi síta, ẹ na tiyín kí n rí i.